ÈTÒ TÍ A ṢE FÚN Ẹ̀RỌ KAN, ṢÉ Ó LÈ ṢIṢẸ́ LÓRÍ ÒMÍRÀN?

1. Ojú irin méjì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí jẹ mọ́ fóònù tí ó wà lápò yín, àti kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ yín ń lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú irin ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ará Lálúpọn mọ ojú irin dáadáa.

Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tí ó di 1907, irin náà ti dé Òṣogbo, ó sì gba Lálúpọn kọjá. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gùn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́fà, èyí ni mílímítà 1,067. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba ṣí ojú irin tuntun láti Èkó wá sí Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, Mọníyà ni wọ́n kọ́ ọ sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Àlàfo irin tuntun yìí fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mílímítà 1,435 ni. Ó fi ohun tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ fẹ̀ ju ti wa.

Wàyí o, bí ẹnì kan bá ní kí ọkọ̀ Mọníyà gun irin Lálúpọn, ṣé yóò lè gùn ún? Kò lè gùn ún láéláé. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà bàjẹ́. Kì í ṣe pé awakọ̀ kò mọ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ni kò bá irin wa mu. Irin tí wọ́n ṣe é fún ni ó lè gùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra fóònù, tí yóò fẹ́ fi áàpù kan sí i, tí fóònù yóò ní òun kò gbà. Wọn á ní, "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì." Nígbà mìíràn, jìbìtì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ irin àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní fi owó rẹ̀ ṣòfò.

2. Kí ni à ń pè ní ètò?

Kọ̀ǹpútà kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀. Ohun tí a bá ní kí ó ṣe ni ó ń ṣe. Àwọn àṣẹ tí a tò sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ, tí yóò máa tẹ̀ lé lọ́kọ̀ọ̀kan, ni à ń pè ní ètò. Lórí fóònù, áàpù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. WhatsApp jẹ́ ètò. Áàpù báńkì jẹ́ ètò. Ohun tí ẹ fi ń ṣírò owó lórí fóònù náà, ètò ni.

Ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Òun náà ni ó ń kùn ilé fún àwọn yòókù. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní operating system. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ètò àgbà ni a ó máa pè é.

Ètò àgbà dà bí Baálẹ̀ abúlé. Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko ní abúlé kò kàn ní í mú àdá kí ó máa ṣán igbó lọ. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Baálẹ̀ ni yóò fi ilẹ̀ hàn án, tí yóò sọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ pin sí, tí kò fi ní wọ oko ẹlòmíràn. Bákan náà, áàpù kan kò lè dá kọ ọ̀rọ̀ sí ojú fóònù, kò lè dá mú kí fóònù dún, kò lè dá fi àwòrán pamọ́. Ọ̀dọ̀ ètò àgbà ni yóò ti tọrọ ohun gbogbo.

Àwọn ètò àgbà tí a mọ̀ jù nìyí:

Lórí kọ̀ǹpútà: Windows, tí ilé iṣẹ́ Microsoft ṣe, macOS, tí ilé iṣẹ́ Apple ṣe, àti Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni Linux. Ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan kọ́bọ̀.

Lórí fóònù: Android, tí Google ń bójú tó, òun ni ó wà nínú Tecno, Infinix, itel àti Samsung tí ẹ ń rí káàkiri, àti iOS, tí Apple ṣe, tí kò sí nínú fóònù mìíràn àfi iPhone.

3. Kí ló dé tí wọn kò fi gbọ́ra yé?

Àwọn àgbà ní, bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Abúlé kan lè ní obì ni kí àlejò mú wá kí ó tó gba ilẹ̀. Abúlé kejì lè ní orógbó. Abúlé kẹta lè ní kí ó kọ́kọ́ rí Ìyálóde. Àlejò tí ó mú obì lọ sí abúlé olórógbó yóò dúró títí, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ìdí kìíní nìyẹn. Ẹni tí ó kọ ètò fún Windows ti kọ́ ètò náà bí a ti ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Windows. Bí ètò náà bá dé ọ̀dọ̀ Linux, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ kò ní yé Linux. Bí ti Android àti iPhone náà ti rí nìyẹn.

Ìdí kejì jinlẹ̀ díẹ̀. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù, nǹkan kékeré kan wà tí ó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ. Kì í ṣe èdè kan náà ni gbogbo ọpọlọ ń gbọ́. Ọpọlọ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows, irú èyí tí Intel ń ṣe ni. Ọpọlọ tí ó wà nínú fóònù, irú èyí tí à ń pè ní ARM ni. Àṣẹ tí a kọ ní èdè ọ̀kan kò yé èkejì.

Ìdí kẹta ni ọjọ́ orí. Fóònù méjì lè jẹ́ Android, síbẹ̀ kí áàpù wọ ọ̀kan, kí ó má wọ èkejì. Ọdọọdún ni Android ń ní ẹ̀dà tuntun. Àwọn tí ń ṣe áàpù kì í ranti ẹ̀dà àtijọ́ títí láé. Bó bá pẹ́, wọn á ní, "Fóònù tí kò bá tíì dé ẹ̀dà báyìí, a kò ṣe é mọ́." Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé gbogbo Android dọ́gba.

4. Ọ̀nà márùn-ún tí a fi lè ṣe é

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá bí ètò tí a ṣe fún ìhín yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀hún. Ọ̀nà márùn-ún ni a ó sọ.

Ọ̀nà kìíní: kí a tún ètò náà kọ. Ẹ ránti bí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kà á ní Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni WhatsApp ṣe. Orí iPhone ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un kọ fún Android, fún BlackBerry àti fún Nokia. Ìdí nìyí tí ìyá tí ó ń lo Tecno ní Lálúpọn fi lè bá ọmọ rẹ̀ tí ó ń lo iPhone ní London sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ètò kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń lò. Ètò méjì ni, tí wọ́n ń gbọ́ ara wọn.

Ọ̀nà yìí ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ó náni lówó. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ètò náà ni ó lè ṣe é, bí ó bá sì wù ú ni.

Ọ̀nà kejì: kí a fi ògbufọ̀ sí àárín. Nínú oṣù Ràmàdáánì, níbi tàfúsìrì, ẹ máa ń rí i pé àjànásí yóò ka ẹsẹ kan ní èdè Lárúbáwá, Alùfáà yóò sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Àjànásí kò pa èdè tirẹ̀ dà. Àwọn tó ń gbọ́ kò kọ́ Lárúbáwá. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń yé wọn.

Ètò kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wine ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ ọtí ni, ṣùgbọ́n ọtí kò sí níbẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Alexandre Julliard ni ó ti ń darí iṣẹ́ náà láti ọdún 1994. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà tí wọ́n pè ní 1.0 jáde ní 2008. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó jókòó láàárín ètò Windows àti Linux. Bí ètò náà bá sọ ní ọ̀nà Windows pé, "Bá mi ṣí ìwé yìí," Wine yóò yí i padà sí ọ̀nà Linux. Linux yóò ṣí ìwé náà, Wine yóò sì gbé e padà fún ètò náà. Ètò náà yóò rò pé ilé Windows ni òun wà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Wine kì í túmọ̀ èdè ọpọlọ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ nìkan ni ó ń túmọ̀. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ méjèèjì bá yàtọ̀, a ó tún wá ògbufọ̀ mìíràn kún un.

Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ náà wà. Ní ọdún 2020, Apple pa ọpọlọ Intel tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọpọlọ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe, ètò àtijọ́ àwọn oníbàárà ì bá di aláìwúlò ní ọjọ́ kan. Wọ́n wá ṣe ògbufọ̀ tí wọ́n pè ní Rosetta 2, tí ó ń túmọ̀ èdè ọpọlọ Intel sí ti ọpọlọ tuntun. Orúkọ òkúta kan tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ọdún 1799 ni wọ́n fi pè é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sí ara òkúta náà ní irú ìkọ̀wé mẹ́ta. Òun ni ó jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé lè ka ìwé àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́.

Ọ̀nà kẹta: kí a kọ́ ẹ̀rọ sínú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọkùnrin kan ní agboolé ńlá. Ó yọ iyàrá mẹ́ta nínú rẹ̀ fún àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó ní kí àlejò máa se oúnjẹ tirẹ̀, kí ó máa sọ èdè tirẹ̀, kí ó máa pa òfin tirẹ̀ mọ́ nínú iyàrá náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lè mú kọ̀ǹpútà kan, kí a fi ètò ṣe kọ̀ǹpútà mìíràn sínú rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú yóò ní ètò àgbà tirẹ̀. Windows lè máa ṣiṣẹ́ nínú Linux, Android sì lè máa ṣiṣẹ́ nínú Windows.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n pè ní 1401. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó rà á, tí wọ́n sì kọ ètò ìṣirò owó wọn fún un. Ní 1964, IBM tún gbé irú tuntun jáde, System/360. Ẹ̀rù ba àwọn oníbàárà. Wọ́n ní, "Ètò tí a ti ná owó lé lórí ńkọ́?" IBM mọ̀ pé bí òun kò bá dáhùn ìbéèrè yẹn, wọn kò ní ra tuntun. Nítorí náà, wọ́n ṣe é kí àwọn kan nínú ẹ̀rọ tuntun lè ṣe bí ẹni pé wọ́n jẹ́ 1401. Ẹ wò ó: láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ tí a ti ṣe sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Àléébù ọ̀nà kẹta ni pé agboolé gbọ́dọ̀ tóbi. Kọ̀ǹpútà tí ó ń gbé kọ̀ǹpútà mìíràn sínú gbọ́dọ̀ lágbára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa wọ́ bí ìgbín, bátìrì rẹ̀ yóò sì tètè tán.

Ọ̀nà kẹrin: kí a fi èdè kan ṣe èdè àárín. Ní ọdún 1995, ilé iṣẹ́ Sun Microsystems gbé èdè kan jáde tí wọ́n pè ní Java. Wọ́n ní kí a kọ ètò lẹ́ẹ̀kan ní Java, kí olúkúlùkù ẹ̀rọ sì ní ètò kékeré tí yóò máa túmọ̀ Java sí èdè tirẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo ọjà bá gbà láti ná owó kan náà.

Bóyá ẹ kò mọ orúkọ Java, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ti lò ó. Fóònù oníbọ́tìnnì Nokia, Samsung àti àwọn mìíràn tí ó kún ìlú lẹ́yìn tí GSM dé ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní Java. Òun ni Opera Mini fi ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Òun náà ni 2go fi ń ṣiṣẹ́, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní South Africa ní 2007, tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń takọ̀rọ̀sọ mọ́jú. Fóònù olówó pọ́ọ́kú lè lò ó, ti olówó gọbọi náà sì lè lò ó.

Ọ̀nà karùn-ún: kí iṣẹ́ náà má ṣe wà lórí fóònù yín rárá. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà báńkì tí ó ní ìràwọ̀ níwájú àti àmì hash lẹ́yìn, tí ẹ fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe fóònù yín ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ báńkì ni ó ṣe é. Fóònù kàn gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó gbé èsì bọ̀ ni. Ìdí nìyí tí fóònù oníbọ́tìnnì kékeré náà fi lè ṣe é láìsí dátà. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì náà fi ara jọ ọ́. Windows lè ṣí i, Linux lè ṣí i, Android àti iPhone lè ṣí i.

5. Ohun tí ojú wa ti rí

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ BlackBerry, kí ó lè yé wa pé ògbufọ̀ nìkan kò tó.

Ìgbà kan wà ní Nàìjíríà tí ó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ní BlackBerry, ojú ẹni ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wò ó. BBM ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, orí BlackBerry nìkan ni BBM sì wà. Ní 2013, ilé iṣẹ́ náà gbé ètò àgbà tuntun jáde, BlackBerry 10. Àwọn tí ń kọ áàpù kò fẹ́ kọ fún un mọ́, nítorí pé Android àti iPhone ni èrò ń rọ́ lọ. BlackBerry wá fi ògbufọ̀ sínú fóònù náà, kí ó lè máa lo áàpù Android. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n gbé BBM lọ sórí Android àti iPhone.

Ṣé ìyẹn gbà wọ́n? Kò gbà wọ́n. Bí fóònù kan bá ń ya áàpù ẹlòmíràn lò, ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí n kò fi ra Android gan-an?" Ní ìparí ọdún 2017, WhatsApp ní òun kò ṣe ti BlackBerry mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n ti BBM fún gbogbo mùtúmùwà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ náà dẹ́kun iṣẹ́ tí ó ń gbé ètò àgbà rẹ̀ ró. Fóònù tí àwọn ènìyàn fi owó ńlá rà di ohun ìṣeré ọmọdé.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ní 2021, Microsoft fi ọ̀nà kan sí Windows 11 tí ó fi lè lo áàpù Android. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n mú un kúrò. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àlejò ni ètò tí ó wà nílé onílé. Ọjọ́ tí onílé bá ti ilẹ̀kùn, kò sí ohun tí àlejò lè ṣe.

6. Áàpù báńkì àti owó yín

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, owó bébà wọ́n bí ojú. Ẹ ẹ̀ gbàgbé. Ẹni tí ó lè fi fóònù sanwó, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tilẹ̀ ń dààmú rẹ̀, ó rí oúnjẹ rà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gba áàpù báńkì, tí kò sì mọ ọ̀nà karùn-ún tí a sọ lókè, ó ní owó ní báńkì, ebi sì ń pa á.

Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì kì í gbà kí a fi ọ̀nà kejì tàbí ọ̀nà kẹta lò wọ́n. Wọ́n máa ń yẹ ilé tí wọ́n wà wò. Bí wọ́n bá rí i pé ilé àyédèrú ni, tàbí pé ẹnì kan ti já àgádágodo ètò àgbà, wọn kò ní ṣí. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹni tí ó lè jókòó láàárín ẹ̀yin àti báńkì bí ògbufọ̀, ó lè gbọ́ àṣírí yín pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá sọ pé, "Ẹ mú owó wá, mo lè fi áàpù iPhone sínú Tecno yín." Irọ́ ni. Áàpù iPhone kì í ṣiṣẹ́ lórí Android. Ohun tí yóò fi síbẹ̀ lè jẹ́ ayédèrú tí yóò máa jí nọ́ńbà àṣírí yín. Inú Play Store ni kí ẹ ti gba áàpù Android.

7. Ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní agbègbè Lágelú. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ni akọ̀wé wọn fi ń kọ owó tí olúkúlùkù dá àti gbèsè tí olúkúlùkù jẹ. Windows 10 ni ó wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft kò ṣe àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 fún gbogbo ènìyàn bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò lè gba Windows 11. Kí ni kí ẹgbẹ́ ṣe? Ṣé kí wọ́n dáwó ra òmíràn ni?

Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí owó bá wà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún lè fi Linux sínú èyí tí wọ́n ní, kí wọ́n fi Wine dán ètò wọn wò. Ó lè ṣiṣẹ́, ó lè má ṣiṣẹ́. Kí wọ́n dán an wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí wọ́n tó fọwọ́ kan èyí tí ìwé owó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Ètò yàtọ̀ sí ìwé tí a fi ètò kọ. Bírò yàtọ̀ sí ìwé tí a fi bírò kọ. Bí bírò bá sọnù, a ó ra òmíràn. Bí ìwé bá sọnù, orúkọ ẹni tí ó dáwó ti sọnù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò tí a fi Excel kọ lórí Windows, LibreOffice lè ṣí i lórí Linux, ọ̀fẹ́ sì ni LibreOffice. Ìwé tí a bá fi pamọ́ ní PDF, ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà lè ṣí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ni ó lè ka ìwé ẹgbẹ́, tí ètò náà sì jẹ́ ti ètò àgbà kan ṣoṣo, owó gbogbo ẹgbẹ́ ti wà lórí irin kan ṣoṣo nìyẹn.

8. Ohun tí a lè ṣe

1. Kí ẹ tó ra fóònù, ẹ bi ara yín pé, "Áàpù wo ni mo fẹ́ lò?" Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè bóyá fóònù náà lè gbà á.

2. Bí fóònù bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ní kí olùtà ṣí Settings, kí ó fi ẹ̀dà Android tàbí iOS hàn yín. Ẹ ní kí ó fi áàpù tí ẹ fẹ́ sí i lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

3. Ẹ béèrè nọ́ńbà oníràwọ̀ báńkì yín lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báńkì, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń lò ó. Ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹni.

4. Bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, tí ó sì ra ètò ìdánrawò, kí ó kà á lára ètò náà bóyá ti Windows ni tàbí ti Android. Kì í ṣe ohun kan náà.

5. Bí ẹ bá jẹ́ olóyè ẹgbẹ́, ẹ máa tẹ ìwé owó jáde lórí bébà lóṣooṣù. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ alága, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akápò. Bébà kò ní ètò àgbà. Ẹni tí ó bá ti mọ̀wé kà lè kà á, ẹ̀yin náà sì ti mọ̀wé kà báyìí.

9. Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú irin Mọníyà kò lè gun irin Lálúpọn?

2. Iṣẹ́ wo ni ètò àgbà ń ṣe? Ta ni a fi wé?

3. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín kí a tún ètò kọ àti kí a fi ògbufọ̀ sí àárín?

4. Kí ló dé tí fóònù oníbọ́tìnnì fi lè fi owó ránṣẹ́ láìsí áàpù?

5. Ẹ wo fóònù yín. Ètò àgbà wo ni ó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀dà wo ni? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.